Ojú Ọ̀run Kò Jìnnà: Ìrìn Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Kábà

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà bèèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà ni ibùsọ̀. Nínú ìwé ìṣirò àtijọ́, òun ni a fi ń pe máìlì àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà kí máìlì tó dé. Bí ibùsùn ti jẹ́ ibi tí a ń sùn, tí ibùjókòó sì jẹ́ ibi tí a ń jókòó, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ibùsọ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tí ó ru àgbọ̀n iṣu láti oko bọ̀ wálé kì í ka ìṣísẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni ó ń sọ fún un pé ó tó àsìkò láti sinmi. Ibi tí ọrùn bá ti kọ̀, ibẹ̀ ni ibùsọ̀. Nítorí náà, ibùsọ̀ ẹni tí ń gun òkè kò lè gùn tó ti ẹni tí ń rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ti arúgbó kò sì lè gùn tó ti ọ̀dọ́. Nígbà tí máìlì dé, a mú ọ̀rọ̀ náà, a sì so ó mọ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo tí kò mọ arúgbó yàtọ̀ sí ọ̀dọ́. Èyí rọrùn fún ìṣirò, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó bọ́ sọnù níbẹ̀, ohun náà ni ọ̀rọ̀ yìí yóò sì dá lé.

Bàbá kan wà ní Kábà tí ó fi ọdún 35 kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì ní àwọn ilé-ìwé girama ilẹ̀ Okun, láti Ìyámoyè dé Mọ̀pà, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí di òní. Lórí tábìlì rẹ̀ ni àwòrán ayé roboto kan wà, irú èyí tí a ń yí lórí irin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, tí Tísà sì fi okùn ọ̀rá dì í. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2006. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Atlanta ní Amẹ́ríkà. Kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú èyí. Àwọn ará Okun, yálà Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Búnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, ti fi ọwọ́ pàtàkì mú ìwé kíkà láti ìgbà pípẹ́, ìwé kíkà ni ó sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn lọ sí òkè òkun. Àwọn òbí ń fi èyí yangàn lọ́sàn-án. Ní òru, wọ́n a máa ṣírò bí ibi tí àwọn ọmọ náà wà ti jìn tó.

Ìdánrawò kan wà tí Tísà máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Yóò mú òwú dúdú, yóò fi etí rẹ̀ kan lé Lọ́ńdọ̀nù, yóò fà á tàn-ìn títí dé Èkó, yóò sì gé e síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ọmọ kan fi òwú yìí wọn àyíká ayé láti ibi kan títí yóò fi padà sí ojú ibẹ̀. Ìgbà 8 ni ọmọ náà yóò fi òwú lélẹ̀. Ẹnu a máa ya àwọn ọmọ náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó rò pé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń gbọ́ nínú rédíò bí ẹni pé ayé mìíràn ni, jẹ́ ìdá kan péré nínú ìdá mẹ́jọ àyíká ayé. Àyíká ayé jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Nítorí náà, láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù dé pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Èkó jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Ti Àbújá kúrú díẹ̀ sí i, ó jẹ́ nǹkan bí 4,770 kìlómítà, nítorí pé Àbújá wà ní ìhà àríwá Èkó.

Tísà kì í dúró síbẹ̀. Yóò sọ fún wọn pé bàálù ńlá a máa fò ní nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan, yóò sì ní kí wọ́n ṣírò iye wákàtí tí yóò fi dé Àbújá láti Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo wọn yóò pín 4,770 sí ọ̀nà 900, wọn yóò sì kọ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 18 sílẹ̀. Tísà yóò wá fi àmì àṣìṣe sí gbogbo rẹ̀. Ariwo a sọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé kò sí bàálù tí ń já sí ojú ọ̀run bí òkúta tí a fi kànnàkànnà ta. Yóò kọ́kọ́ rọra yí kiri lórí ilẹ̀ kí ó tó dé ojú ibi tí yóò ti sáré; yóò gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé nǹkan bí kìlómítà 10 tàbí 11 sókè; yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ó dé. Bákan náà ni kì í gba ọ̀nà tààrà tí òwú gbà, nítorí pé ojú ọ̀run ní ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn tí ń darí bàálù láti ilẹ̀ là kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń tó wákàtí 6 tàbí 6 àti ààbọ̀. Ó ṣe é fi wé ẹni tí ó ní ìdajì wákàtí ni Kábà sí Ọbájànà, tí kò ka gbogbo àsìkò tí ó fi jókòó nínú ọkọ̀ ní gáréèjì tí dírẹ́bà ń dúró de èrò kan tí ó kù.

Ọ̀rọ̀ aago náà tún wà níbẹ̀. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù a máa tì aago tiwọn síwájú ní òpin oṣù kẹta, wọn a sì fà á sẹ́yìn ní òpin oṣù kẹwàá. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago méjèèjì ń lọ bákan náà. Ní àkókò òtútù, Kábà fi wákàtí kan ṣáájú. Ìyàwó Tísà, tí kò lọ sí ilé-ìwé tayọ ìwé kẹfà, ni ó mọ èyí jù nínú ilé, nítorí pé òun ni ó mọ àsìkò tí ọmọ rẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ òru dé àti ìgbà tí ó yẹ kí fóònù dún.

Ti ọmọkùnrin tí ó wà ní Atlanta ni ó fún Tísà ní iṣẹ́ jù. Láti Èkó dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9,400 kìlómítà, ṣùgbọ́n àlọ kò rí bí àbọ̀. Ọmọ náà ṣàkíyèsí pé àbọ̀ rẹ̀ sí Nàìjíríà a máa yá ju àlọ lọ ní nǹkan bí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá ayé tí ń yí ni ó fà á. Tísà ní rárá. Afẹ́fẹ́ ńlá kan ń fẹ́ ní òkè láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bàálù tí ó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà a gùn ún lẹ́yìn, èyí tí ó bá ń lọ a fi imú gbá a. Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ ọpọ́n lórí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà kan náà ni, omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ń bá omi lọ àti ẹni tí ń dojú kọ omi kò lè dé lákòókò kan náà. Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìṣòro yìí púpọ̀, nítorí pé àríwá sí gúúsù ni ọ̀nà tirẹ̀, afẹ́fẹ́ náà kàn ń dá a gbà kọjá ni.

Ohun kan wà tí Tísà rí lórí máàpù Nàìjíríà tí kò fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, bóyá nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n kanra. Bí a bá fi rúlà fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ Àbújá dé ti Èkó, ìlà náà yóò gba orí ilẹ̀ Okun kọjá, nítòsí Mọ̀pà àti Ìsánlú. Nǹkan bí 510 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀, bàálù a sì máa fi nǹkan bí wákàtí kan fò ó. Ọmọ Mọ̀pà lè wà nínú bàálù náà, kí ó máa mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ilé bàbá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀. Ìpínlẹ̀ Kogí, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, kò ní pápákọ̀ tí bàálù elérò ń ná lójoojúmọ́. Ọmọ náà ní láti dé Àbújá tàbí Èkó, kí ó sì tún padà wá ní orí ilẹ̀ sí ibi tí ó ti fò kọjá. Láti pápákọ̀ Àbújá sí Kábà, bí ẹyẹ bá fò ó, jẹ́ nǹkan bí 185 kìlómítà. Bàálù tí ń fò ní 900 kìlómítà ní wákàtí kan yóò parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 13. Lórí àwòrán ayé roboto tí ó wà ní orí tábìlì Tísà, òwú rẹ̀ kò gùn tó èso ìrẹsì kan.

Kì í ṣe pé ayé àtijọ́ sàn ju èyí lọ. Ní ọdún 1841, nígbà tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wá sí Odò Ọya, oṣù karùn-ún ni wọ́n kúrò ní ìlú wọn. Oṣù kẹjọ ni wọ́n wọ ẹnu odò. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó dé ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ní ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí. Àjàyí Crowther, tí ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn láti Sàró, wà nínú àwọn tí ó rí ìpàdé omi náà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni, ibà sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà kí ìrìn náà tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ oní-lẹ́tà dé. Ní ìgbà Aureol, ọkọ̀ ojú omi tí ó ná Liverpool sí Èkó láti ọdún 1951 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ènìyàn ń lò lórí omi. Bàálù ti ń ná Kánò àti Èkó láti ọdún 1936, nígbà tí Imperial Airways fa ọ̀nà rẹ̀ wá láti Khartoum, ṣùgbọ́n ènìyàn lásán kò lè ronú kan owó rẹ̀. Ẹni tí òbí rẹ̀ kú ní Kábà nígbà náà, tí òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ẹ̀kọ́, kì í retí láti bá ìsìnkú. Lẹ́tà ni yóò fi gbọ́, igi orí sàréè yóò sì ti rú ewé kí ó tó dé. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tí ó fi oṣù mẹ́rin rìn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó jìn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàálù ti sọ ọ́ di wákàtí mẹ́fà, tí fóònù alágbèéká sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní ọdún 2001, ará ilé kò gbà mọ́ pé ọmọ wà lọ́nà jíjìn. Wákàtí mẹ́fà! Ẹni tí ó bá lọ sí oko ní òwúrọ̀ kò tíì padà. Bí ọmọ kò bá wá, àìfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà pẹ̀lú, tí ó ka wákàtí mẹ́fà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, a máa rò pé òun lè sún un síwájú títí di ọ̀la. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó ń tan àwọn méjèèjì.

Àpẹẹrẹ kò wọ́n. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2017 títí di ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá pa láti tún ojú ibi tí bàálù ń sáré sí ṣe. Kàdúná ni wọ́n ní kí àwọn bàálù máa bà sí, kí àwọn èrò sì máa wọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì padà sí Àbújá. Láti Ìlú Ọba dé Nàìjíríà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ sí Kábà ti ní odidi ìrìn mìíràn láti fi kún tirẹ̀. Ti ọdún 2020 le ju èyí lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n ti àwọn pápákọ̀ òkè òkun pa ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Láàárín àkókò náà, ìyá kan kú ní àdúgbò Tísà. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wo ìsìnkú náà nínú fóònù tí ọmọ àbúrò rẹ̀ gbé sókè ní ẹ̀gbẹ́ sàréè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀. Kìlómítà 4,770 yẹn kò fi ẹyọ kan lé síi.

Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ó wá kan ilé Tísà fúnra rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyàwó rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà yéni yékéyéké. Ọmọ náà gba ìsinmi ọlọ́jọ́ 14 ní ibi iṣẹ́. Ó rí bàálù tí yóò gbéra láti Heathrow ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Tísà gbé ìwé ìkọ̀wé tí ó ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìrìn àwọn ọmọ rẹ̀ sí láti ọdún 2006 jáde, ó fa ìlà, ó sì jókòó ti ibùsùn ìyàwó rẹ̀.

"Ó ti dé ibo?" ni ìyá náà ń bèèrè.

Tísà wo aago. "Wọ́n ti ń fò lórí aṣálẹ̀ Sàhárà báyìí," ni ó dáhùn. Òótọ́ ni. Láàárín òru, bàálù Lọ́ńdọ̀nù a máa wà lókè ilẹ̀ iyanrìn tí iná kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ó bá wo ojú fèrèsé kì í rí nǹkan kan fún ohun tí ó lé ní wákàtí méjì.

Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́rú, fóònù dún. "Okun o, Bàbá. Mo ti balẹ̀ o." Tísà kí i padà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ku wákàtí mẹ́rin. Ìṣirò rẹ̀ kò burú. Láti pápákọ̀ gba Gwagwalada, Abaji àti Koton-Karfe dé Lọ́kọ́ja, kí a tó yà sí Ọbájànà, kí a sì gba ọ̀nà kankéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe dé Kábà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà. Bí ọ̀nà bá dára, tí kò sí táńkà tí ó dùbúlẹ̀, wákàtí mẹ́rin tó o.

Ohun tí Tísà kò fi sínú ìṣirò ni omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò ti ń pariwo rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òjò ọdún náà pọ̀ jọjọ, àwọn ará Kamẹrúùnù sì tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo sínú Bẹ́núé. Ó lé ní 600 ènìyàn tí ìkún omi ọdún náà pa káàkiri Nàìjíríà. Ní Koton-Karfe, omi ti bo títì ńlá tí ó so Àbújá mọ́ Lọ́kọ́ja, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ọdún 2012. Tírélà, táńkà àti ọkọ̀ èrò tò ní kìlómítà lórí kìlómítà.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ọmọ náà dé ẹ̀yìn ìlà àwọn ọkọ̀. Ó pe bàbá rẹ̀. Tísà ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ní aago méjì ọ̀sán, kò tíì kúrò lójú kan. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tí yóò gba ẹ̀yìn lọ nínú òkùnkùn, nítorí ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ wọ omi ní òru. Nínú ọkọ̀ ni ó sùn, òun pẹ̀lú obìnrin oníṣòwò kan tí ń kó tòmátì bọ̀ láti Abaji, tí tòmátì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ní Kábà, ìyá náà bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: "Ó ti dé ibo?"

"Koton-Karfe," ni Tísà wí.

Ìyá náà mọ Koton-Karfe. Ó ti ra ẹja níbẹ̀ rí. Kò bèèrè mọ́ ní òru náà, èyí ni ó sì já Tísà láyà ju gbogbo ohun tí dókítà sọ lọ. Nígbà tí ọmọ wà lórí Sàhárà, ọkàn ìyá balẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí ẹsẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ rí, ó dákẹ́. Tísà jókòó pẹ̀lú àwòrán ayé rẹ̀. Ó fi ìka wọn Lọ́ńdọ̀nù sí Àbújá, ó sì wọn Àbújá sí Kábà, èso ìrẹsì yẹn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn atukọ̀ mú ọkọ̀ ọpọ́n wá, wọ́n ń ko èrò kọjá lórí títì tí ó ti di odò. Ọmọ náà sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀ létí omi, ó san owó, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun rí orí pátákó tí ó ń júwe ọ̀nà Lọ́kọ́ja, tí ó yọ lókè omi bí ìtàkùn, àti pé atukọ̀ náà fi àjẹ̀ kan kàn án bí wọ́n ti ń kọjá. Omi tí ó gbé ọkọ̀ Crowther dé àgbègbè náà ní ọdún 1841 ni omi yìí, ní àkókò òjò kan náà nínú ọdún, ọ̀nà tí ọmọ náà sì gbà rìn níbẹ̀ kò yá ju tirẹ̀ lọ. Ní òdì kejì, ó tún rí ọkọ̀ mìíràn dé gáréèjì Lọ́kọ́ja, ó sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀, ó dúró de èrò títí ọkọ̀ Kábà fi kún. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ó wọlé.

Wákàtí 36 ni ó fi rìn láti pápákọ̀ dé ilé. Bí a bá pín 250 kìlómítà sí i, yóò jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 7 ní wákàtí kan. Alárìnjò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá kò ní í jìnnà sẹ́yìn rẹ̀.

Bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀, ó bọ́ ọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò na án sí ojú ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó nà án sí. Ó dì í mú.

"Ẹsẹ̀ rẹ tutù," ni ó wí.

Ọjọ́ 11 ni wọ́n jọ lò. Ní ọjọ́ kejìlá, ìyá náà sùn kò jí, ọmọ rẹ̀ ni ó sì pa á lójú dé. Wọ́n sin ín láàárín ọjọ́ méjì, nítorí pé ìsinmi ọlọ́jọ́ 14 náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní àdúgbò sọ pé ó yára jù, pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó ẹni tí a ń fi oṣù mẹ́ta pèsè fún. Tísà kò dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ó tó àkókò láti padà, omi Koton-Karfe ti ń fà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ dán an wò mọ́. Tísà ní kí ọmọ rẹ̀ gba Èkó lọ, kí ó gba Ìyámoyè bọ́ sí Òmùò, kí ó ti ibẹ̀ lọ sí Adó-Èkìtì, Iléṣà àti Ìbàdàn. Lórí ilẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó ìlọ́po méjì ti Àbújá. Ní ojú ọ̀run, ó fi ohun tí ó lé ní 200 kìlómítà jìn sí i. Ó ní kí ó fi odidi ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún ọ̀nà náà, kí ó sùn ní Ìbàdàn. Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà sì dán. Ó dé Èkó pẹ̀lú wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sí pápákọ̀ láti ọ̀sán títí di òru.

Ìwé ìkọ̀wé náà ṣì wà lórí tábìlì. Lójú ewé oṣù kẹwàá ọdún 2022, a rí ìlà méjì tí Tísà fi pẹ́ńsù kọ. Ti àkọ́kọ́ ni Lọ́ńdọ̀nù sí Àbújá, 4,770 kìlómítà, wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ní ìlà kejì, ó kọ Àbújá sí Kábà, ó kọ 250, ó sì fa igi lé e lórí. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ó tún kọ ọ́ sí pẹ̀lú lẹ́tà kékeré: ẹ̀yìn ìlà ọkọ̀ ní Koton-Karfe, etí omi, gáréèjì Lọ́kọ́ja, ẹnu ọ̀nà ilé. Ibùsọ̀ 4.